Ọjọ́ Méje ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà: Ètò Tí Ó Yẹ Kí Ọmọ Ilé Ṣe Kí Ó Tó Gbéra

Láyé àtijọ́, ẹni tí ó bá fẹ́ rin ìrìn àjò kì í dédé gbé àpò kọ́ èjìká. Yóò kọ́kọ́ sọ fún baálé rẹ̀, wọn yóò sì bi Ifá léèrè bóyá ọ̀nà yóò san án. Bí ibi tí ó ń lọ bá jìnnà, yóò ti ránṣẹ́ ṣáájú, kí ẹni tí yóò gbà á sílé lè máa fojú sọ́nà. Àwọn àgbà yóò wúre fún un, àwọn ará ilé yóò sì sìn ín dé ibodè. Ètò ìrìn àjò ni gbogbo èyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó kọ ọ́ sínú ìwé. Lóde òní, ìka ni a fi ń ṣètò lórí fóònù: a ó san owó ọkọ̀ òfuurufú, a ó san owó ilé ìtura, a ó to àwọn ibi tí a fẹ́ wò lẹ́sẹẹsẹ láti ọjọ́ kìn-ín-ní títí dé ọjọ́ keje, ó parí. Kò sí àléébù nínú èyí bí ó bá jẹ́ ìlú tí a kò ti mọ ẹnikẹ́ni ni a ń lọ. Ṣùgbọ́n irú ètò yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa tí ń gbé òkèèrè ń ṣe nígbà tí wọ́n bá ń bọ̀ wá sí ilé bàbá wọn, ìbànújẹ́ ni ó sì sábà máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀ fún àwọn tí ń retí wọn. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò lónìí, kí a sì fi Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà ní ilẹ̀ Àkókó ṣe àpẹẹrẹ.

Ẹ jẹ́ kí a gbà pé ọmọbìnrin kan wà, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìkàrẹ́, tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Ọ̀kà. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Ní ọdún tí ó kọjá, ó gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan, ó sì lọ sí Tókíò, olú ìlú ilẹ̀ Japan. Kí ó tó gbéra, ó ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ọjọ́ Ajé, tẹ́ḿpìlì Sensoji ní àdúgbò Asakusa. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ojúbọ Meiji àti igbó tí ó yí i ká. Ọjọ́rú, ọjà ẹja ńlá tí wọ́n kó láti Tsukiji lọ sí Toyosu ní ọdún 2018. Ọjọ́bọ̀, ọkọ̀ ojú irin tí ń sáré bí ọfà, èyí tí wọ́n ti ń lò láti ọdún 1964, lọ sí Kyoto àti àbọ̀. Ètò náà ṣẹ láìyẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin ibẹ̀ a máa dé ní ìṣẹ́jú tí wọ́n bá ní yóò dé, a sì kọ orúkọ ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan sára ògiri kí àlejò má baà sọnù. Ọmọbìnrin wa kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì mọ̀ ọ́n. Ó wò, ó jẹun, ó ya àwòrán, ó padà.

Ní ọdún yìí ó fẹ́ lo ọ̀sẹ̀ kan ní ilé. Ó tún jókòó, ó sì kọ ètò tirẹ̀ bí ó ti kọ ti Tókíò: ọjọ́ kan fún ọjà Ìkàrẹ́, ọjọ́ kan fún àwọn òkè àpáta, ọjọ́ kan fún ààfin, ọjọ́ kan fún ilé ìyá rẹ̀ ní Ọ̀kà, ilé ìtura ní gbogbo òru. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ nìyí. Ní Tókíò, ibi ni ó ń kà. Ní ilé, ènìyàn ni à ń kà. Àpáta Ọ̀kà kò ní bínú bí o kò bá wá wò ó, ṣùgbọ́n àbúrò bàbá rẹ tí o kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ láìyà yóò gbé ọ̀rọ̀ náà sínú títí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀.

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn náà, ẹ jẹ́ kí a ka ọjọ́. Nínú ọjọ́ méje, ọ̀nà yóò jẹ méjì, àlọ àti àbọ̀. Ẹni tí ó bá bọ́ sílẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà kò gbọdọ̀ rò pé òun yóò sùn sí Ìkàrẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ náà, àfi bí ó bá tún wọ ọkọ̀ òfuurufú mìíràn lọ sí Àkúrẹ́ láàárọ̀. Nítorí náà ọjọ́ márùn-ún péré ni ó ní lọ́wọ́. Márùn-ún yìí náà kò dọ́gba. Ọjọ́ Ẹtì jẹ́ ọjọ́ ìrun Jímọ̀, Ìkàrẹ́ sì jẹ́ ìlú tí Mùsùlùmí pọ̀ sí gidigidi. Ọjọ́ Àbámẹ́ta jẹ́ ọjọ́ ìnáwó, ìgbéyàwó tàbí òkú àgbà. Ọjọ́ Àìkú sì jẹ́ ti ilé ìjọsìn. Ẹ má sì gbàgbé ọjọ́ ọjà. Ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje bá ẹ̀sìn méjèèjì wọlé ni. Ọjọ́ mẹ́rin ni ọ̀sẹ̀ àwọn baba wa, bí a bá sì ka ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ó di márùn-ún, ìyẹn ni a fi ń pe ọjà tí à ń ná bẹ́ẹ̀ ní ọjà ọrọọrún. Ọ̀sẹ̀ méjèèjì kì í rìn pọ̀. Ọjà tí ó bọ́ sí ọjọ́ Ajé lọ́sẹ̀ yìí lè bọ́ sí ọjọ́ mìíràn lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀. Ẹ béèrè kí ẹ tó wá, nítorí bí ẹ bá dé ẹnu ọ̀nà ìyá àgbà kan lọ́jọ́ ọjà, ìlẹ̀kùn títì ni ẹ ó bá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá lọ bá a nínú ọjà gan-an, tí ẹ sì kúnlẹ̀ kí i níwájú àtẹ rẹ̀ lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ ti fún un ní ohun tí owó kò lè rà.

Ní ti ọ̀nà, n kò ní fi falẹ̀. Láti Ọ̀wọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbà wọ Àkókó, wọn a kọjá ní Ọ̀bà kí wọ́n tó dé Àkùngbá. Àkùngbá yìí ni Yunifásítì Adékúnlé Ajásin wà, èyí tí wọ́n gbé wá láti Adó-Èkìtì ní ọdún 1999 lẹ́yìn tí Èkìtì ti di ìpínlẹ̀ tirẹ̀. Ibẹ̀ náà ni ọ̀nà ti pín, Ìkàrẹ́ lápá kan, Ọ̀kà lápá kejì. Ọ̀nà tí ó ti Ọ̀kà sọ̀kalẹ̀ wá sí Àkùngbá ga, ó sì dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ìjánu ọkọ̀ akẹ́rù a máa já níbẹ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2021, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ya pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níwájú yunifásítì náà, gbogbo ilẹ̀ Àkókó ni ó sì sunkún. Ẹ bá awakọ̀ yín sọ̀rọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá yín lójú ọ̀nà, nítorí ọ̀rọ̀ àwọn ajínigbé kì í ṣe àlọ́. Bí alẹ́ bá ti ń lẹ́ ní Àkúrẹ́ tàbí Ọ̀wọ̀, ẹ sùn síbẹ̀. Kò sí àgbà tí yóò bínú sí ẹni tí ó sùn lọ́nà kí ó lè dé láàyè.

Nísinsìnyí, ta ni kí a ránṣẹ́ sí? Ìbéèrè yìí ni ìpìlẹ̀ gbogbo ètò. Àwọn ọmọ wa a máa tẹ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tí wọ́n jọ ń fi fóònù ṣeré láago, wọ́n a sì rò pé ilé ti gbọ́. Ilé kò tíì gbọ́. Ẹni tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ gbọ́ ni olórí ẹbí, àgbà tí ó dàgbà jù nínú ilé bàbá, ì báà jẹ́ pé kò ríran mọ́, ì báà jẹ́ pé kò mọ fóònù tẹ̀. Kí ẹnìkan gbé fóònù náà sí i létí. Bí ó bá ti gbọ́, òun ni yóò sọ fún àwọn yòókù, òun ni yóò sì pàṣẹ pé kí wọ́n tún yàrá ṣe. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnu ọmọdé ni ó ti gbọ́ pé ọmọ òun ti wọ̀lú, ìtìjú ni fún un láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Kí ìròyìn náà ṣáájú yín pẹ̀lú nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Bí ó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àníyàn yóò pọ̀; bí ó bá yá jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn yóò ní ẹ fẹ́ ká àwọn mọ́ ìhòhò ni.

Ọ̀rọ̀ ilé ìtura wá ń kọ́. Mo mọ̀ pé ẹni tí ó ti mọ́ra pẹ̀lú omi gbígbóná àti iná tí kì í kú yóò fẹ́ ibi tí ara ti lè rọ̀ ọ́, n kò sì dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ẹ gbìyànjú láti rí ohun tí àwọn ará ilé ń rí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbọ́ pé ẹ ń bọ̀ ni ìyá kan ti ń sá aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì sóòrùn. Ó ti ra ẹní tuntun. Ó ti yá bẹ́ẹ̀dì lọ́wọ́ aládùúgbò. Ó ti sọ fún gbogbo òpópónà pé ọmọ òun ń bọ̀ wá sùn sọ́dọ̀ òun. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ gbé ọmọ náà dé ní agogo méjì ọ̀sán, ó jókòó fún wákàtí kan, ó ya àwòrán, ó sì ní òun ń padà sí ilé ìtura. Àwọn aládùúgbò kò ní béèrè bí ilé ìtura náà ti rí. Ohun tí wọn yóò béèrè ni ohun tí ìyá náà ṣe tí ọmọ rẹ̀ kò fi lè sùn sílé rẹ̀. Nítorí náà, ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ sùn sílé, ó kéré tán, ní alẹ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ dé àti ní alẹ́ tí ó ṣáájú ọjọ́ ìpadàbọ̀ yín. Bí ara bá ń fẹ́ ìrọ̀rùn láàárín, ẹ wí fún àgbà ilé tìtẹríba-tìtẹríba, kí òun fúnra rẹ̀ sọ pé kí ẹ lọ. Àṣẹ ẹnu rẹ̀ ni yóò bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ẹ̀bùn náà ní ètò tirẹ̀. Ó dùn mọ́ mi pé nínú ọ̀rọ̀ yìí, àwọn ará Japan àti àwa jọra ju bí a ti rò lọ. Nílẹ̀ wọn, ẹni tí ó bá rin ìrìn àjò kò gbọdọ̀ padà sí ẹnu iṣẹ́ lọ́wọ́ òfo. Oúnjẹ ìpanu ìlú tí ó lọ, tí wọ́n dì lọ́kọ̀ọ̀kan sínú páálí, ni yóò rà fún àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Omiyage ni wọ́n ń pè é, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ dandan. Nílẹ̀ wa náà, ọmọ tí ó ti àjò dé láìmú búrẹ́dì dání, àwọn ọmọdé inú ilé yóò wo ọwọ́ rẹ̀, wọn yóò sì wo ojú ara wọn. Ẹ ra búrẹ́dì lọ́nà, kí ó pọ̀, nítorí ilé kì í ṣe ti ẹnìkan. Fún àwọn àgbà ọkùnrin, obì àti ọtí tàbí, bí wọ́n bá jẹ́ Mùsùlùmí, obì àti ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò. Fún àwọn ìyá àgbà, aṣọ àwọ̀bora tí kò wúwo, ọṣẹ, ṣúgà, tíì. Aṣọ tí ẹ ti lò tẹ́lẹ̀ kò burú fún àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò yín, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbé e fún àgbà láéláé. Ẹ ṣẹ́ owó náírà sí wẹ́wẹ́ kí ẹ tó kúrò ní ìlú ńlá. Owó gọbọi kan tí ẹ bá gbé lé ọwọ́ ẹnìkan pé kí ó pín in fún àwọn yòókù, ìjà ni ẹ gbé lé e lọ́wọ́.

A ti wá dé Ìkàrẹ́ wàyí. Àṣálẹ́ ni, ọkọ̀ ti dúró. Omi ni wọn yóò kọ́kọ́ gbé fún yín. Ẹ gbà á, kí ẹ fi kan ẹnu, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé omi inú ike ni ẹ fẹ́ mu. Ọkùnrin a dọ̀bálẹ̀, obìnrin a kúnlẹ̀, wọn yóò sì pe oríkì yín bí ẹnikẹ́ni bá ṣẹ́kù nínú ilé tí ó mọ̀ ọ́n. Ẹ má ṣe dìde kí ó tó pe é tán. Oúnjẹ yóò tẹ̀lé e, iyán ni yóò sì jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí àwọn ará Àkókó mọ iṣu í gbìn, wọ́n sì mọ̀ ọ́n gún. Bí ẹ kò bá lè jẹ ẹ́ tán, kò burú. Kí ẹ má bù ú rárá ni ó burú. Alẹ́ ọjọ́ náà kò gbọdọ̀ ní ètò mìíràn. Àwọn ènìyàn yóò máa wá kí yín ní méjìméjì títí ilẹ̀ yóò fi ṣú pátápátá, ìjókòó náà sì ni ìdí tí ẹ fi wá.

Èdè lè dẹ́rù bani díẹ̀. Ilẹ̀ Àkókó kì í ṣe elédè kan. Èdè àwọn ará Àrìgìdì yàtọ̀, ti àwọn ará Àkùnnú yàtọ̀, ti Ìkakùmọ̀ yàtọ̀. Ìlú tí ẹ lè fi ẹsẹ̀ rìn láti ọ̀kan dé èkejì lè má gbọ́ ara wọn bí wọ́n bá ń sọ ti ilé. Ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, ẹ̀yà Yorùbá ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí à ń kọ́ nílé ìwé. Kí ọmọ tí a bí sí Lọ́ńdọ̀nù má ṣe tìtorí èyí dákẹ́. Kí ó kọ́ ìkíni márùn-ún péré lẹ́nu bàbá tàbí ìyá rẹ̀ kí ó tó gbéra, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń kí i ní àdúgbò wọn. Ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ pé ẹ ṣeun lédè Japan kí ó tó lọ sí Tókíò; kò lè sọ pé èyí ni ó wá le jù. Wọn yóò fi ahọ́n rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ayọ̀ sì ni.

Ọ̀rọ̀ ààfin ni kí a rọra sọ. Adé méjì ni ó wà ní Ìkàrẹ́, Olúkàrẹ́ àti Ọwá-Àlẹ̀ ti Ìyòmẹ̀tà. Ó ti pẹ́ tí àríyànjiyàn ti wà lórí èwo ni àgbà nínú wọn, ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀dọ̀ ìjọba, ó ti dé ilé ẹjọ́, ìgbà kan sì wà tí ó di rògbòdìyàn nígboro. Àlejò ọlọ́jọ́ méje kọ́ ni yóò parí rẹ̀. Ẹ má ṣe béèrè láàárín àwùjọ pé ta ni ó ga jù, ẹ má sì ṣe fi àwòrán ààfin kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ tí ẹ kò mọ ìdí rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Ààfin tí ilé bàbá yín ń lọ ni kí olórí ẹbí mú yín lọ. Òun ni yóò ṣáájú, òun ni yóò sọ ọmọ ẹni tí ẹ jẹ́. Kí ọkùnrin ṣí fìlà, kí ẹ bọ́ bàtà níbi tí wọ́n bá ní kí ẹ bọ́ ọ, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ìjòyè gba ọ̀rọ̀ ẹnu yín fún Kábíyèsí bí àṣà ibẹ̀ bá jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí Ọba bá ní ìpàdé lọ́jọ́ náà, ẹ kí ẹni tí ẹ bá bá, kí ẹ fi ẹ̀bùn sílẹ̀, ó tó.

Èyí tí ó wúwo jù nínú gbogbo ètò yìí ni èyí tí àwọn ọmọ wa kì í kọ sínú rẹ̀ rárá. Kí ẹ tó gbéra, ẹ jókòó pẹ̀lú bàbá àti ìyá yín, kí ẹ sì béèrè orúkọ gbogbo ẹni tí ó ti kú nílé láti ìgbà tí ẹ ti wá kẹ́yìn. Kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ó bá ti di ọdún mẹ́jọ tí ẹ ti wá, orúkọ náà lè pé mẹ́wàá. Gbèsè ni ìkíni wọ̀nyí. Ẹni tí ọkọ rẹ̀ kú ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ṣì ń retí ẹnu yín, kò sì ka ọ̀rọ̀ tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí fóònù sí ìkíni. Ẹ ó lọ sílé kọ̀ọ̀kan, ẹ ó jókòó, ẹ ó kí wọn kú ará fẹ́ra kù, ẹ ó dákẹ́ díẹ̀, ẹ ó sì gbọ́ bí àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀ àti ohun tí olóògbé náà sọ nípa yín kẹ́yìn. Kò sí bí a ti lè ṣe ilé mẹ́wàá bẹ́ẹ̀ ní wákàtí méjì. Odidi ọjọ́ kan ni kí ẹ yà sọ́tọ̀ fún un, kí ẹ má sì fi ohun ìgbádùn kankan ṣáájú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó ń padà sókè òkun tí ó ń ráhùn pé àwọn ará ilé tutù sí òun, láìmọ̀ pé òun kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè méjì láìsọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn èyí ni Ọ̀kà kàn. Ìbéèrè tí ó máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín ọkọ àti aya ni iye alẹ́ tí ọmọ yóò sùn ní ilé ìyá. Ilé bàbá ni a ń kọ́kọ́ wọ̀, n kò jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan, lọ ní àárọ̀ kí o bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kò tó fún ilé tí ó bí ìyá ẹni. Nítorí pé Ọ̀kà kò jìnnà sí Ìkàrẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀, sísúnmọ́ra yìí gan-an ni ó sì ń ta àwọn ará Ọ̀kà lára. Kí ọmọbìnrin wa sun alẹ́ méjì níbẹ̀. Ní ilé bàbá, ẹ̀tọ́ ni wíwá rẹ̀; ní ilé ìyá, àpọ́nlé ni, wọ́n yóò sì kẹ́ ẹ ju ibikíbi lọ. Arákùnrin ìyá rẹ̀ tí ó dàgbà jù ni kí ó bẹ̀ pé kí ó wúre fún òun. Àwọn àgbà gbàgbọ́ pé ìwúre ilé ìyá kì í ṣubú lulẹ̀.

Ọ̀kà kì í ṣe ìlú kan tí ó wà lójú kan. Àdúgbò púpọ̀ ni, Ìwárò, Ìbàkà, Ayégúnlẹ̀, Ọ̀kà-Odò àti àwọn mìíràn, lórí òkè àti lẹ́sẹ̀ òkè. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní ilé ìyá òun wà ní Ọ̀kà kò tíì sọ ibi tí ó wà. Kí ó béèrè àdúgbò, kí ó béèrè orúkọ ilé. Olúbàkà ni ọba ní Ọ̀kà. Àsín sì wà ní Ọ̀kà-Odò. Ìkìlọ̀ tí mo ṣe nípa ààfin Ìkàrẹ́ bá ibí náà mu: ẹni tí ó ni yín ni yóò mú yín lọ. Bí ẹ bá wá gun òkè, ẹ jẹ́ kí ọmọ ilé kan tí ó mọ ọ̀nà bá yín lọ, ní òwúrọ̀ kí oòrùn tó mú, kì í sì í ṣe ní àkókò òjò tí àpáta ń yọ̀. Òkè wọ̀nyí ju ohun ìwòran lọ. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí àwọn jagunjagun Nupe àti ti Ìbàdàn ń wá kó ènìyàn lẹ́rú ní ilẹ̀ Àkókó, orí òkè àti inú ihò àpáta ni àwọn ará ibẹ̀ sá sí. Bí ìyá àgbà kan bá na ìka sí ibì kan tí ó ní àwọn ti ń gbé ibẹ̀ rí, ẹ fi fóònù sílẹ̀, kí ẹ fetí sílẹ̀. Àwọn ọmọ ìjọ Kátólíìkì ní òkè tiwọn níbẹ̀ pẹ̀lú, Òkè Màríà, tí àwọn olùjọsìn ń gùn láti ọ̀nà jíjìn wá gbàdúrà.

Bí ìrìn àjò náà bá bọ́ sí àkókò ọdún ìbílẹ̀, kí inú yín dùn, ṣùgbọ́n ẹ béèrè kí ẹ tó jáde. Iṣu tuntun jẹ́ ohun ńlá ní ilẹ̀ Àkókó, àwọn ilé kan sì wà tí kì í jẹ ẹ́ kí wọ́n tó ṣe ètùtù rẹ̀. Ẹ má ṣe rà á wọ̀lú kí ẹ tó mọ̀. Egúngún wà tí obìnrin lè wò, òmíràn sì wà tí kò gbọdọ̀ rí. Ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn tí a kọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù dára, n kò bá a jà, ṣùgbọ́n òru tí wọ́n bá ní kí obìnrin wà nínú ilé kọ́ ni kí a jáde lọ fi dán an wò. Ẹ má sì gbé fóònù sókè sí egúngún láìgba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn atọ́kùn.

Báyìí ni èmi yóò ṣe to ọjọ́ náà bí ó bá jẹ́ pé èmi ni. Ọjọ́ kìn-ín-ní, ọ̀nà, àti ìjókòó ní ilé bàbá. Ọjọ́ kejì, àwọn àgbà ilé, lẹ́yìn náà ààfin. Ọjọ́ kẹta, ìkíni àwọn tí òkú ṣẹ̀. Ọjọ́ kẹrin àti ìkarùn-ún, Ọ̀kà, ilé ìyá. Ọjọ́ kẹfà, padà sí Ìkàrẹ́, kí a má sì kọ ohunkóhun sí i. Ọjọ́ òfo yìí ni àwọn tí a gbàgbé yóò fi wá, ọjọ́ náà sì ni ìyá àgbà yóò pe ọmọ sínú yàrá láti sọ ohun tí ó ti ń dúró sọ. Bí ọjọ́ ọjà bá bọ́ sáàárín, kí ó gba ibi tí ó bá fẹ́ gbà.

Ọjọ́ keje ni ti ìdágbére. A kì í jí lọ láìsọ fún ẹnikẹ́ni nítorí pé ọkọ̀ yá. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹfà ni kí ẹ ti lọ dágbére fún àwọn àgbà ní ẹnu ọ̀nà wọn, kí ó lè ṣẹ́ ku àwọn ará ilé nìkan ní òwúrọ̀. Wọn yóò gbé iṣu wá. Wọn yóò gbé gaàrí, èlùbọ́, epo pupa nínú kẹ́ẹ̀gì, ewédú gbígbẹ, àti adìyẹ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀. Ẹ má ṣe sọ fún wọn nípa iye kílò tí ọkọ̀ òfuurufú gbà. Ẹ ti fi àyè sílẹ̀ nínú àpótí láti Lọ́ńdọ̀nù fún èlùbọ́ àti ewédú náà. Èyí tí kò bá wọ̀, ẹ gbé e dé Àkúrẹ́ tàbí Èkó, kí ẹ fún ìbátan tí ó wà níbẹ̀, kí ẹ sì sọ ilé tí ó ti wá fún un. Lẹ́yìn ìwúre, wọn yóò sìn yín dé ẹnu títì. Kí awakọ̀ má ṣe tan iná ọkọ̀ kí àgbà ilé tó ju ọwọ́ sí yín. Bí ẹ bá fi di agogo méje àárọ̀ kúrò ní Ìkàrẹ́, ẹ ó ti kọjá Àkùngbá àti Ọ̀bà kí oòrùn tó mú, ẹ ó sì tẹ ẹni tí ó kọ́kọ́ gbọ́ pé ẹ ń bọ̀ láago láti Ọ̀wọ̀, pé ọ̀nà san.